Sí Màámi ní Ẹ̀pẹ́, lórí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn Bàbá

Leeds, Ìlú Ọba

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ẹja ń tà dáadáa lọ́jà Olúwo?

Inú mi dùn pé Bàbá ti gbà láti lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Àmọ́ ẹ ní èyí tó ń wọnú ihò etí pátápátá ni wọ́n ń fẹ́, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn má baà rí i. Oge Bàbá ò ní tán láyé!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú níbí fi ẹ̀rọ wọ̀nyí sétí. Kékeré tí Bàbá ń fẹ́ yẹn, agbára rẹ̀ kì í sábà tó fún etí tó ti di púpọ̀. Bátìrì rẹ̀, nọ́ńbà 10, kò fẹ̀ tó mílímítà 6. Ṣé ìka tó ti ń tún àwọ̀n ṣe láti kékeré ló máa mú ìyẹn? Ìdọ̀tí etí tún máa ń dí i lẹ́nu. Òmíràn wà tó ń jókòó sẹ́nu ihò etí, ó tóbi díẹ̀, àmọ́ ìdọ̀tí ò yọ òun náà sílẹ̀.

Èyí tó ń gun ẹ̀yìn etí ni mo fọwọ́ sí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé ohùn láti ara rẹ̀ lọ sínú ohun kan tí wọ́n wọ̀n bá etí Bàbá gẹ́lẹ́. Tí ìyẹn ò bá wọlé dáadáa, ẹ̀rọ á máa súfèé. Èyí tó lágbára jù ń lo bátìrì nọ́ńbà 675, ó fẹ̀ ju mílímítà 11 lọ. Atẹ́gùn ló ń jí bátìrì náà: tí wọ́n bá ti ṣí bébà búlúù ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ń jẹ nìyẹn, kódà tí wọn ò lò ó. Alásáàjì wà o, àmọ́ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò wa.

Tí wọ́n bá dé abetí ajá, kí wọ́n ká etí fìlà sókè, kó má baà máa ha mọ́ ẹ̀rọ.

Mi ò ní ra nǹkan kan ṣáájú àyẹ̀wò. Kí Ṣẹ́gun mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí etí náà, kí wọ́n sì yẹ méjèèjì wò. Kó ya fọ́tò ìwé àyẹ̀wò náà sí mi. Owó ọkọ̀ á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọmọ yín,
Bùkọ́lá