Àkísà Ebedi-Meleki

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ wa pe àwọn ará ìlú mélòó kan sí gbọ̀ngàn ìpàdé rẹ̀, ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí àti àmì ẹ̀yẹ nítorí pé wọ́n gba ẹ̀mí là. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ yìí. Nígbà tí ọkùnrin kan ṣàdédé ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀ tí kò sì mí mọ́, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí ọkọ̀ áńbúláǹsì fi dé. Nígbà tí mo kí i kú oríire, ohun tí ó sọ fún mi ni pé, “Bàbá, kí ni mo ṣe? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà náà.”

Àwọn kan ti bi mí bóyá ó tọ́ kí ènìyàn gba irú ọlá bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Ìbéèrè tí ó ti inú ìbẹ̀rù Olúwa wá ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Ẹ́sítérì orí kẹfà. Oorun dá lójú ọba, wọ́n ka ìwé ìrántí fún un, wọ́n sì kàn án níbẹ̀ pé Módékáì ni ó tú àṣírí àwọn tí ó fẹ́ pa ọba. Ọba béèrè ọlá tí wọ́n dá ọkùnrin náà lọ́lá, wọ́n ní wọn kò ṣe nǹkan kan fún un. Ìwé ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò dúpẹ́. Ọba sì ṣe àtúnṣe àṣìṣe náà ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn baba wa náà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí wọ́n ní yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.

Ní ọdún 1767, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Amsterdam láti máa fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹni tí ó bá gba ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ́lá. Ní 1774, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ẹni tí wọ́n fà jáde nínú omi láìmí sí òkú, àmì ẹ̀yẹ náà ń kọ́ àwọn tí ń wò ó pé ẹni tí ó sùn sílẹ̀ yìí lè má tíì kú. Mo gbàgbọ́ pé iṣẹ́ tí ayẹyẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ṣe nìyẹn. Bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 péré ni ọpọlọ lè fara dà á kí ó tó máa bàjẹ́. Ta ni yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 4, bí kò ṣe ẹni tí ó ti wà níbẹ̀? Ẹni náà ni yóò tẹ àyà ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà àgbàlagbà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Ẹ rántí Ebedi-Meleki, nínú ìwé Jeremáyà orí kejìdínlógójì. Wọ́n ti ju wòlíì sínú kòtò, ẹrẹ̀ ti gbà á mọ́ra. Ìwẹ̀fà yìí, àjèjì ní ìlú náà, lọ bá ọba ó sì gba àṣẹ. Kí ó tó sọ okùn sílẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ kó àkísà lábẹ́ ilé ìṣúra, ó ní kí Jeremáyà fi wọ́n sí abíyá kí okùn má baà bó o lára. Mo fẹ́ràn àkísà wọ̀nyí púpọ̀. Ẹni tí ó bá ro ti abíyá ẹlòmíràn nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni ó ń darí rẹ̀. Ọlọ́run náà sì kà á sí: ní orí tí ó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ sí i pé òun yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ yìí ń kan egbò ọkàn wọn. Ẹ sa gbogbo ipá yín, ẹni náà sì kú síbẹ̀. Kódà níbi tí ọkọ̀ áńbúláǹsì ti ń yára dé, bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ níta ilé ìwòsàn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó ń yè é. Ẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1904, ibi ìwakùsà kan bú gbàù ní Harwick, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 181 ni ó kú, méjì nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó wọlé lọ láti yọ àwọn yòókù. Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe àmì ẹ̀yẹ fún ẹbí àwọn méjèèjì. Bí ènìyàn bá lè ka irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ sí, ẹ má rò pé Baba wa tí ń bẹ lọ́run gbójú fo tiyín. Ẹ wá bá mi, kí a jọ gbàdúrà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa yóò kọ́ wa bí a ti ń tẹ àyà, àti bí a ti ń ran ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun lọ́wọ́. Arákùnrin wa tí wọ́n dá lọ́lá ti ní òun yóò wà níbẹ̀. Èmi náà yóò kúnlẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ aṣọ tí ó gba ìkúnlẹ̀.