Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ pé ìmẹ́lẹ́ àwọn tí kì í tètè fi àtúnṣe sórí ẹ̀rọ ló ń jẹ́ kí àwọn ọ̀daràn ríbi wọlé. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti dí ihò tó wà nínú SMB, ètò tí Windows fi ń pín fáìlì. Oṣù karùn-ún ni WannaCry, ètò aṣebi tó ń ti fáìlì onífáìlì pa kó lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, gba ihò yẹn wọlé tó sì bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá aláìsàn padà.

Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Ta ló mọ ògiri náà?

Ẹ wo SMBGhost, ihò mìíràn tí wọ́n rí nínú SMB ti Windows lọ́dún 2020. Ìsọfúnni tó ń wọlé ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ bí òun ṣe tóbi tó. Windows á ro nọ́ńbà méjì inú rẹ̀ pọ̀ kó lè mọ àyè ìrántí tí yóò yà sọ́tọ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àròpọ̀ náà ti kọjá ohun tó lè gbà. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, yóò yí padà di nọ́ńbà kékeré. Àyè bíńtín ni ẹ̀rọ á yà, ẹrù ńlá ló máa dà sí i, ìyókù á sì ya bo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jalè kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Inú kernel, tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, sì ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀!

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, náà kò yọ. Ọdún 2021 ni wọ́n fi ksmbd, ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ SMB, sínú kernel tirẹ̀, torí kí pínpín fáìlì lè yá. Lọ́dún 2025, wọ́n rí i pé bí ẹnì kan bá ń jáde, kernel á ti da àyè ìrántí tó jẹ́ tirẹ̀ nù nígbà tí ìsopọ̀ rẹ̀ mìíràn ṣì ń lò ó lọ́wọ́. Samba, ètò SMB mìíràn tí wọ́n ń lò lórí Linux, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn òde kernel tipẹ́. Òun náà ti ní àlébù tó le, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a tún fi ń kó irú iṣẹ́ yìí wọnú kernel, pẹ̀lú C, èdè ìkọ ètò tó fi ìṣọ́ ìrántí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́?

Kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pa ẹ̀dà SMB àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ti port 445, ẹnu ọ̀nà tí SMB ń gbà, mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ̀yin ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí léèrè, nígbà tí ẹ bá tún fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò: ìgbà wo ni wọn yóò fi Rust tàbí èdè mìíràn tó ń ṣọ́ ìrántí fúnra rẹ̀ tún apá yìí kọ?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín