Àjíkẹ́, ka èyí tán kí o tó dá àwọn pátì lóhùn

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Mọ́mì ò kàn fi voice note ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ju voice note lọ ni. Mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ kí o lè máa padà kà á, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá, tó bá le fún ẹ, máa kà á sókè díẹ̀díẹ̀, etí ẹ á bá ẹ gbọ́ ọ.

Láti alẹ́ Wẹ́sìdeè tí o ti pè mí pé àwọn pátì ní kí ìwọ tó o jẹ́ káńsẹ́lọ̀ jáde du ipò TD, ìyẹn aṣòfin ní Dáil, ilé aṣòfin Ireland, nígbà ìdìbò gbogbogbò tó ń bọ̀, oorun mi ò já geere. Inú mi dùn o, má rò ó síbòmíì. Dádì ẹ ti ń pè ẹ́ ní Honourable, ó ti pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, mo ní kó ṣe sùúrù ná. Honourable tí wọ́n mọ̀ nílé, síréènì ló ń ṣáájú ẹ̀. TD ti ibí yìí, tó bá lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á dá a dúró síwájú firíìjì mílíìkì, wọ́n á ní ilé tí káńsù ṣèlérí fún ìyá àwọn dà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ẹ́ sí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré.

Ṣé mo ti sọ ìtàn 11 June 2004 fún ẹ tán? O ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, mo tì ẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. A ṣì ń dúró de ìwé ìgbélùú, wọn ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́, €19.10 ni wọ́n ń fún mi lọ́sẹ̀. Àmọ́ òfin ilẹ̀ Ireland ni pé ẹni tó bá ti ń gbé àdúgbò lè dìbò káńsù, kì báà jẹ́ ọmọ onílùú kì báà má jẹ́, ó tiẹ̀ lè jáde du ipò gan-an. Pépà mẹ́ta ni wọ́n ń fún àwọn onílùú lọ́jọ́ náà, èmi gba ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọn ò fún mi ni wọ́n fi ń bèèrè bóyá kí wọ́n yí òfin padà, kí ọmọ tí wọ́n bá bí síbí má di ọmọ Ireland mọ́ tí ìwé òbí ẹ̀ ò bá pé. Ọ̀rọ̀ irú ẹ ni wọ́n ń dìbò lé lórí, ìwọ sì ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ ẹ tó ti rọ̀, èmi ìyá ẹ ò sì lẹ́nu níbẹ̀. Nǹkan bíi 79 nínú 100 ló ní kí wọ́n yí i. Ọlọ́run ló yọ ọ́, wọ́n ti bí ẹ kí òfin ọ̀hún tó yí. Káńsù nìkan ni mo lẹ́nu sí, mo fi pẹ́ńsùlù kọ 1, 2, 3 síwájú orúkọ àwọn tó ń du ipò, bí mo ṣe fẹ́ wọn tẹ̀lé ara wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé káńsẹ́lọ̀ lásán ni ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka èmi náà mọ́ èèyàn nílùú yìí.

Ọdún yẹn kan náà ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ògùn, tóun náà dé ní 2000 bíi tiwa, wọ káńsù ìlú Portlaoise, nígbà tó fi máa di 2007 wọ́n ti fi í ṣe méyọ̀. Káńsù yẹn ò sí mọ́ báyìí, ìjọba pa gbogbo káńsù ìlú kéékèèké rẹ́ ní 2014, ọgọ́rin ni wọ́n. Ipò lè parẹ́ lábẹ́ èèyàn o.

Obìnrin tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an ni Catherine Connolly. Ọmọ Shantalla ní Galway níbí ni, ọmọ mẹ́rìnlá ni òbí wọn bí, ìyá wọn kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. 1999 ló wọ káńsù Galway, 2004 tí mo ń sọ yẹn náà ló di méyọ̀. Ó fẹ́ lọ Dáil, pátì ẹ̀, Labour, ò gbà kó jáde pẹ̀lú Michael D. Higgins tí wọ́n jọ wà nínú pátì náà, ó fi Labour sílẹ̀, ó dá dúró. 2007, kò wọlé. 2011, ó ku ìbò 17. 17 péré, Àjíkẹ́! Wọ́n tún ìbò kà, kò yí padà. Èèyàn 17 ò kún bọ́ọ̀sì kan. Mo rántí pé mo dúró sí ìdí síńkì lọ́jọ́ yẹn tí mo ń gbọ́ rédíò, omi ń dà lọ, mi ò tiẹ̀ mọ obìnrin náà rí lójúkojú, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Ó tún jáde ní 2016, ó wọlé. Bí o bá ṣírò ẹ̀, láti káńsù dé Dáil gbà á ní ọdún 17, iye ìbò tó ṣe é léṣe yẹn náà. Ní 2020 wọ́n fi í ṣe igbákejì olórí ilé, obìnrin kankan ò dé ibẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀, ní 2025 ó di ààrẹ. Ó ti dàgbà kó tó jókòó kọ́ èdè Irish débi tó fi ń yọ̀ lẹ́nu ẹ̀, nítorí náà má sọ fún mi mọ́ pé o ti dàgbà jù láti fi àmì sórí Yorùbá.

Higgins tí mo dárúkọ yẹn náà, ó jáde ní 1969 àti 1973, kò wọlé, 1981 ló tó wọlé, wọ́n já a kúrò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà dé ní 1987, òun náà di ààrẹ ní 2011. Mi ò kó èyí jọ kí n fi dẹ́rù bà ẹ́. Mo fẹ́ kí o bi ara ẹ bóyá o lè jáde, kí o já, kí o sì tún gbé e kí àwọn èèyàn kan náà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Tí ọkàn ẹ ò bá tíì gbà bẹ́ẹ̀, sọ fún pátì pé ó di ẹ̀ẹ̀míì. Tí wọ́n bá ní o ti kéré jù láti kọ̀, jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Òfin ò gbà kí èèyàn jẹ́ TD kó tún jẹ́ káńsẹ́lọ̀, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti fòpin sí ìyẹn. Ọjọ́ tí o bá wọ Dáil, ìjókòó ẹ ní káńsù bọ́ nìyẹn, pátì á mú ẹlòmíì sí i, wọn ò ní dìbò kankan. Iná ìrékọjá tí o ń jà fún níwájú ilé ìwé yẹn ńkọ́? O ò tíì lo ọdún méjì pé, 2029 ni ìdìbò káńsù míì, ìdìbò Dáil sì lè bọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí olórí ìjọba bá fẹ́. Àwọn tó fi ọmọ wọn sí ilé ìwé yẹn ò yan ẹ kí o lè fi àwọn ṣe àtẹ̀gùn.

Rántí bàbá àgbàlagbà yẹn ní May 2024, nígbà tí mo wá bá ẹ kan ilẹ̀kùn. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, kò lè gba pépà, o bá kì í sábẹ́ apá ẹ̀. Ó ní òun ti ní nọ́ńbà 1 òun, àmọ́ òun lè fún ẹ ní 3, ṣé wàá padà wá tí o bá wọlé? O ní kí Kérésì tó dé. Ní ibi tí wọ́n ti ń ka ìbò, mo fara ti irin tí wọ́n fi dá wa dúró láti àárọ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣí ìbò àwọn tó ti já kúrò wá sórí tìẹ, díẹ̀díẹ̀, kò yára, títí o fi kọjá iye tí wọ́n ń wá. Àwọn tí ò fi ẹ́ ṣe àkọ́kọ́ ló gbé ẹ wọlé, nọ́ńbà 3, nọ́ńbà 4. Torí náà má jẹ́ kí pátì ti ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹ lẹ́nu nípa àwọn tí ẹ jọ ń du ipò, àwọn èèyàn wọn náà lèèyàn ẹ.

Tó bá sì jẹ́ pé Dublin ni ọkàn ẹ wà, ọ̀nà kan ò wọjà. Ilé aṣòfin kejì wà níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ 60 ni wọ́n ní, 43 nínú wọn, ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ àtàwọn aṣòfin lẹ jọ ń dìbò yàn wọ́n. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ ẹ tó wà ní gbogbo ìlú, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ẹ́ sí ẹni tó ń ka ìwé kó tó wá sí mítìn. Ìyẹn náà ń mú èèyàn dé ibi tó ń lọ, bí kò tilẹ̀ ní ariwo.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ nípa ẹ lórí fóònù, mo ti rí i. Ẹni tó ní kí o padà síbi tí o ti wá yẹn, Galway ló ń sọ tí kò mọ̀. Máà dá a lóhùn lóru. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ à-máa-halẹ̀ mọ́ ẹ, ó di ti ọlọ́pàá nìyẹn, fi pamọ́ kí o fi hàn wọ́n, má pa á rẹ́. Má sì máa dá lọ kan ilẹ̀kùn lálẹ́ mọ́, mo bẹ̀ ẹ́.

Kérésì méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí ìlérí yẹn o. Ṣé o ti padà lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn? Lálẹ́ Wẹ́sìdeè mo fẹ́ bi ẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo máa jáde ní dúty Fráìdeè, tíréènì àkọ́kọ́ ti Sátidé ni mo máa wọ̀, mo ti se ẹ̀fọ́ rírò tí o fẹ́ràn, ó ti wà nínú fírísà. Ká jọ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè tí wàá dá pátì lóhùn. Wọ bàtà tí ò ní fún ẹ lẹ́sẹ̀.

Mọ́mì ẹ.