Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tí Màámi Rò Pé Ó Wà ní Alaska

Àjàní ọmọ ìyá mi,

Ẹnì kan fẹ́ ra mọ́tò mi, ó ń bọ̀ wá wò ó, ni mo bá ń tún inú rẹ̀ ṣe láàárọ̀ àná. Abẹ́ síìtì ni ọwọ́ mi ti ba ọ̀rá kan. Ọ̀rá tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́dà lè rí inú rẹ̀ láìtú u. Kọ́ìnì ló kún inú rẹ̀, kọ́tà ni gbogbo wọn, sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, ó jẹ́ 46, dọ́là mọ́kànlá àti ààbọ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò náà tèmi ti fákúùmù lọ́wọ́, n kò lè dìde.

O mọ ohun tí mò ń sọ. Tàbí o kò mọ̀, bí o ti máa ń wí.

N kò ní fi èyí ránṣẹ́ sí Dallas. Láti 2023 tí wọ́n ti ní kí lẹ́tà gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Texas máa gba Dallas kọjá, kí wọ́n tú u, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kó tó wá hàn sí ọ lójú táblẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà kíkọ ti sú mi. Nígbà kan o sọ fún mi pé ìwé mi ń ta sánsán ata díndín, pé o fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló ń gbóòórùn ata lójú táblẹ́ẹ̀tì? Bó bá jẹ́ pé àjòjì ni yóò kọ́kọ́ kà á, kí gbogbo ayé kúkú kà á. Bí o bá pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá kà á sí ọ létí títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn yóò fi pé tí wọ́n á já wa. Sẹ́ǹtì mẹ́fà ni ìṣẹ́jú kan, kò wọ́n. Ohun tí a máa ń fi ìṣẹ́jú náà ṣe ló wọ́n: èmi á dákẹ́, ìwọ á dákẹ́.

Ìgbà tí Màámi kú, n kò rọ́nà pè ọ́. A kì í pe ẹlẹ́wọ̀n, òun ló ń pe ni. Àlùfáà ọgbà ni mo pè. Ó kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí òkú wà àti nọ́ḿbà wọn, kí òun lè mọ̀ pé òótọ́ ni kí òun tó pè ọ́ wá sí ọ́fíìsì. Àjàní, mọ́ṣúárì ní Ìjẹ̀bú-Òde! Mo fún un ní nọ́ḿbà. Mo ń ro bí baálé ilé tó ń tọ́jú òkú yẹn yóò ṣe máa fi Ìjẹ̀bú dá òyìnbó Texas lóhùn, ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìwọ nìkan ni ìbá bá mi rẹ́rìn-ín yẹn.

Alaska. Ìwọ lo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ sọ fún Màámi pé mo ríṣẹ́ epo ní Alaska, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọdún méje. Màámi sọ fún ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bá a gbàdúrà sí òtútù. Ó ra súwẹ́tà, ó fi rán ìyá kan tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ní Houston. Súwẹ́tà búlúù, ó ki bí ẹní. Inú ìwé tó fi wé e ló kọ ọ́ sí pé: "Àjàní, má jẹ́ kí òtútù pa ọ́."

Oṣù kẹjọ ni súwẹ́tà náà dé ọwọ́ mi. Oṣù yẹn gan-an lo sọ fún mi pé o ń rẹ aṣọ ibùsùn rẹ sómi, pé orí sìmẹ́ǹtì lo ń sùn torí bẹ́ẹ̀dì gbóná ju ilẹ̀ lọ, pé fáànù tí o rà ní ṣọ́ọ̀bù inú ọgbà ń fẹ́ iná ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tó kárí. Ní oṣù kẹta 2025, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan, Robert Pitman, sọ pé ooru yẹn lòdì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ kò pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i lójú ẹsẹ̀. Màámi á bi mí lórí fóònù pé, "Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?" Èmi á ní, "Ó ti ń dín kù, Màámi." Ẹnu yìí ni mo fi ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ìnì ni mo fẹ́ sọ.

2019, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá wò ọ́ lọ́gbà. Mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí títì márosẹ̀ I-45, n kò tíì sùn. Mo kọjá ère Sam Houston, olórí Texas láyé àtijọ́, tó dúró funfun gbọ̀ngbọ̀nràn lẹ́bàá títì, mo ní, baba, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n yẹ mọ́tò wò, wọ́n ní kí n fi fóònù àti báàgì sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan pé kí àlejò mú ṣéńjì dání, n kò kà dé ibẹ̀. Ìgbà tí ẹ tò wọlé, gbogbo yín nínú aṣọ funfun látòkè délẹ̀, Ọlọ́run má bínú, ìjọ Sẹ̀lẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín nìkan ló yàtọ̀. Mo dì mọ́ ọ. Egungun ni mo dì mọ́.

A jókòó. Gbogbo tábìlì tó yí wa ká ni wọ́n ti ń jẹun: ṣípìsì, bọ́gà, mínírà. Ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó, àlejò ló ń lọ síbi ẹ̀rọ tó ń gba kọ́ìnì ta oúnjẹ. O wo ẹ̀rọ náà, o ní, "Wọ́n ní Dr Pepper." Bẹ́ẹ̀ lásán ni o sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo na ọwọ́ síbi tí báàgì mi ìbá wà. O ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá àgbà kan, ọmọ Mẹ́síkò, wà ní tábìlì kejì. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọwọ́ mi. Ó ti kọ́tà mẹ́rin síwájú mi pẹ̀lú ìka kan, bí ẹni ń ta ayò.

Mo ní rárá. Mo dúpẹ́, mo sì ní rárá. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í tọrọ. N kò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Bóyá aṣọ àǹkàrá tuntun tí mo wọ̀ ni. O wo kọ́tà náà, o wo èékánná rẹ. Ìyá náà kó owó rẹ̀. A sì wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì, n kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, báńkì ni mo ti ń lọ ra kọ́tà, 40 nínú ìdì kan, dọ́là mẹ́wàá. Dr Pepper tí mo ti rà fún ọ tó fi wẹ̀. Ní 2022 mo bi ọ́ léèrè, o ní, "Ọjọ́ wo lẹ ń sọ? Mi ò rántí." Irọ́ ni! Ìwọ tó o ṣì ń ka nọ́ḿbà mọ́tò Bàámi láìwo ìwé, mọ́tò tí wọ́n tà nígbà tí o wà ní pírámárì. Ká ní o bú mi ni, ìbá ti tán.

Ó dáa, níwọ̀n bí èmi ti jẹ́wọ́ tèmi. Ní 2015, orí tábìlì kan náà ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí a fi ń tọrọ àtidi ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tèmi àti tìrẹ. Owó tìrẹ, dọ́là 680, mo kà á lé ọ lọ́wọ́. O fi ra ríìmù mọ́tò, o ní o máa kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ títì Bissonnet ní Houston wá ṣẹlẹ̀, agbẹjọ́rò kò fi pa mọ́ fún ọ. Láti 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kìlọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ pé ẹ̀bi tó fẹ́ gbà lè lé e padà sílé. O gbọ́. O fọwọ́ sí i láìpè mí. O ní o kàn fẹ́ kó tán. Kò tán o, Àjàní. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún ọ, ICE, àwọn tó ń lé àjòjì padà sílé, ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe èmi. Wọ́n á já ọ sílẹ̀ ní Èkó, Màámi kò sí mọ́, àwọn ẹbí sì ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilé rẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ. Mo ń ra Indomie òyìnbó fún ọ lóṣooṣù torí Texas kì í san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń rà á.

Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òru márùn-ún mi ti di mẹ́ta. Ìdí tí mọ́tò fi ń lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin mi ti pé 15, èjìká rẹ ló gbé wá sáyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago kan òru kọjá kó tó wọlé. Mo ti pariwo tán kí n tó gbọ́ orúkọ tí mo ń pè. Àjàní ni mo ń pè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, súwẹ́tà búlúù Màámi lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, èmi kọ́ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun mọ ibi tí o wà. Ó ti tẹ orúkọ rẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbi tí wọ́n ti ń wá ẹlẹ́wọ̀n Texas, gbogbo rẹ̀ ló jáde, títí kan ọdún tí wọ́n dá fún ọ. Ó ti tó ọdún méjì tó ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà bá bi í léèrè Alaska, ó ń dá a lóhùn bí èmi náà.

Mo ti sọ fún ẹni tó ń ra mọ́tò pé Mọ́ńdè ni kó wá gbé e. Ọmọ náà ń bá mi bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé. Ó béèrè ohun tí òun lè mú dání fún ọ, mo ní kò sí, kọ́ìnì nìkan. Ó tú ọ̀rá náà sórí tábìlì, ó ń kà á, ó ní 45 ni òun rí. Mo ní 46 ni, kó tún un kà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ