Páìpù ni kí ẹ wò kí ẹ tó ra pọ́ńpù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ omi tí kì í dé balùwẹ̀ mọ́ nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Ìlọrin àti Ọ̀fà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta. Bí omi bá ti ń jáde tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ onílé á ní kí wọ́n gbé táǹkì ga sí i, tàbí kí wọ́n ra pọ́ńpù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Owó ń lọ, omi ò dé. Inú páìpù onírin tí wọ́n rì mọ́ ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ni àìsàn wà. Bí ẹ bá fi pọ́ńpù ńlá tì í, ojú ìsopọ̀ ló máa gbà bẹ́.

Síǹkì ni wọ́n fi bo irin náà nínú àti lóde kó má baà dógùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ń jẹ síǹkì yìí. Ó lè gba ọdún 40, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti tán, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú jọ sínú. Gé páìpù háàfù ínǹṣì tó ti pẹ́ báyìí sí méjì: inú rẹ̀ pọ́n, ó rí gbágungbàgun, ihò tó ṣẹ́ kù lè má gba pẹ́ńsùlù. Táǹkì tó ga ní mítà 4 kò fún omi ní ipá tó ju 0.4 bar lọ. Báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ ti omi gba irú ihò bẹ́ẹ̀? Ibi tí wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyí tí wọ́n fi ń so páìpù pọ̀) sí ló sì máa ń kọ́kọ́ jò, torí pé ibẹ̀ ni irin náà ti fẹ́lẹ́ jù.

Láti mọ páìpù onírin yìí, ẹ fi ọ̀bẹ ha ara páìpù tó yọ síta. Bó bá ń dán bíi fàdákà, tí òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà ni. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sábẹ́ ẹ̀rọ tó sún mọ́ táǹkì jù lọ, ẹ wo ìṣẹ́jú tó gbà kó tó kún, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ èyí tó jìnnà jù. Bí ìkejì bá gba ìlọ́po mẹ́ta àkókò ti àkọ́kọ́, páìpù ti dí. Omi tó ń pọ́n láàárọ̀ kó tó mọ́ gaara, àmì kan náà ni. Ẹ má fi omi àkọ́yọ yẹn se oúnjẹ ọmọ, torí síǹkì àtijọ́ máa ń ní òjé díẹ̀ nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ ibi tó ń jò nìkan. Bí wọ́n bá ti ń fi sípánà yí ọ̀kan, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sán. Bí wọ́n bá sì so bàbà mọ́ irin náà tààrà, ńṣe ni irin á túbọ̀ yára jẹ. Láti ẹnu táǹkì títí dé ẹ̀rọ tó kẹ́yìn ni kí ẹ ṣe é. Kò pọn dandan kí ẹ hú ti inú ògiri jáde. Ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀.

PPR, páìpù ike tí wọ́n ń fi ooru jó pọ̀, ni mo fara mọ́ fún inú ilé, torí pé bí wọ́n bá jó o pọ̀ dáadáa, páìpù àti ìsopọ̀ á di ọ̀kan. Mílímítà 32 láti táǹkì, 25 fún ẹ̀ka, 20 lọ sí ẹnu ẹ̀rọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 4. Bí gbogbo ojú ọ̀nà tí páìpù máa gbà bá jẹ́ mítà 48, ẹ má ra 12, ẹ ra 14, torí èyí tí wọ́n á gé dànù. Balùwẹ̀ tó ní ṣáwà, béésìn àti ìgbọ̀nsẹ̀ olómi máa gba ẹ́líbò onídẹ (ìsopọ̀ igun) 3, tíì (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) 2 àti fáàfù (ohun tí wọ́n fi ń ti omi) tirẹ̀, kó má baà di pé wọ́n ń ti omi gbogbo ilé torí ìṣòro ibì kan.

Níbi jíjó yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. 260°C ni áyọ́ọ̀nù, irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jó páìpù pọ̀, gbọ́dọ̀ gbóná dé. Ìṣẹ́jú àáyá 5 fún mílímítà 20, 7 fún 25, 8 fún 32. Bó bá pẹ́ jù, ike tó yọ́ á wú sínú, á dí ọ̀nà omi. Bí kò bá pẹ́ tó, á jò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ́ ògiri tán. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ara páìpù ní mílímítà 14 láti ẹnu rẹ̀ fún ti 20, ẹ tì í wọlé tààrà, ẹ má yí i. Lásìkò ọyẹ́, ẹ nu eruku kúrò lára rẹ̀ kó tó kan áyọ́ọ̀nù. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ dúró títí áyọ́ọ̀nù á fi tún gbóná dé ojú ìwọ̀n.

Nínú agbo ilé Pákátà àti agbègbè Ọjà Ọba, níbi tí ògiri ti jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ gbé páìpù gba ojú ògiri, kí ẹ fi kílíìpù dè é ní sẹ̀ǹtímítà 60 síra. Èyí tó wà nínú oòrùn lẹ́bàá táǹkì, ẹ wé e tàbí kí ẹ kùn ún, oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń sán.

Àwọn ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n so wáyà áàtì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, mọ́ páìpù omi. Ike kì í gbé iná, nítorí náà kí oníṣẹ́ iná wò ó, kó sì ri irin áàtì mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gé páìpù àtijọ́ náà.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí wọ́n fi pọ́ńpù ọwọ́ fún omi sínú gbogbo páìpù náà títí ipá rẹ̀ á fi dé 10 bar. Ọwọ́ aago tó ń wọn ipá omi á kọ́kọ́ sọ̀ díẹ̀ nítorí pé ike máa ń fẹ̀. Kí wọ́n tún un fún, kó sì dúró fún wákàtí kan láìsọ̀. Omi táǹkì lásán kò tó fi dán an wò. Kí onílé má san owó iṣẹ́ tó kù kó tó fojú ara rẹ̀ rí aago yẹn.

Púlọ́ńbà kan,
Pákátà, Ìlọrin.