Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Bàbá Yín Nígbà Tí Próstéètì Bẹ̀rẹ̀ sí í Yọ Wọ́n Lẹ́nu?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Mo máa ń ka ojú ewé ìlera yín, pàápàá tó bá ti kan ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin, àmọ́ nǹkan kan wà tí mo ti ń retí pé kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí tẹ́ ò tíì sọ dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Tí ọ̀rọ̀ próstéètì tó ń wú bá ti délẹ̀ (próstéètì ni ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), orí ọjọ́ ogbó lẹ máa ń di gbogbo ẹ̀ lé. Mi ò sọ pé irọ́ ni o. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò òkú àwọn ọkùnrin rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó kú lọ́mọ ọdún 51 sí 60 ni próstéètì wọn ti ń wú, tó bá wá di àwọn tó lé ní 80, bíi 9 nínú 10 ni. Ṣùgbọ́n báwo lẹnì kan ṣe máa pé 85 tó ṣì ń tọ̀ geere, tẹ́lòmíì ò sì tíì pé 55 tí wọ́n ti ń sáré gbé e lọ sọ́sibítù lóru torí ìtọ̀ ò jáde mọ́? Ọjọ́ orí nìkan ò lè ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdílé wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀, òun gan-an la kì í sì í sọ.

Bàbá tèmi ṣiṣẹ́ abẹ próstéètì nígbà tí wọn ò tíì pé 60, ìpá ni wọ́n sọ fún àwa ọmọ pé àwọn lọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ̀ há mọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nínú, dókítà bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ní i, wọ́n ní rárá, tinútinú ni wọ́n sì fi sọ bẹ́ẹ̀ torí ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, àfìgbà tí màmá wa wá là á mọ́lẹ̀ pé nǹkan kan náà ló ṣe bàbá yín, kì í ṣe ìpá kankan. Mi ò bínú sí bàbá, ìtìjú ni, ọ̀rọ̀ abẹ́ ò rọrùn láti jókòó bá ọmọ ẹni sọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ ni, wọn ò bá má dúró títí wọ́n fi ń fi rọ́bà fa ìtọ̀ lára wọn.

Lọ́dún 1994, àwọn dókítà ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọkùnrin kan tí próstéètì wọn wú gan-an, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀ láìtíì darúgbó, wọ́n wá tọpasẹ̀ bàbá wọn àtàwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ewu kí àwọn ìbátan yìí náà dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ tó ìlọ́po 4 ti àwọn ẹlòmíì, tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin, ó tó ìlọ́po 6. Wọ́n tún ṣírò ẹ̀ pé nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kí wọ́n tó pé 60, ó tó ìdajì tó jẹ́ pé wọ́n jogún ẹ̀ ni, àmọ́ nínú àwọn tó ti lé ní 60 kí wọ́n tó ṣe tiwọn, kò tó 1 nínú 10. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi bàbá ẹ̀ kì í ṣe pé ṣé ẹ ní próstéètì rí nìkan, ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ọmọ ọdún mélòó lẹ wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 78, ọjọ́ ogbó lè ni lóòótọ́. Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 54, kí àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin yáa la ojú wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti yẹ àwọn ìbejì wò náà, àwọn tó jọra délẹ̀ tó jẹ́ ẹyin kan náà ló pín sí méjì, tó bá ti ṣe ọ̀kan ó máa ń ṣe èkejì ju bó ṣe ń rí láàárín àwọn ìbejì tí kò jọra lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan ló kàn ṣàdédé hù nínú wọn. Próstéètì yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, lára ọ̀dọ́mọkùnrin kì í wúwo ju bíi gíráàmù 20 lọ, tó bá wá ń wú, ṣe ló máa ń fún ọ̀nà yẹn bí ìgbà téèyàn fọwọ́ fún rọ́bà omi. Họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi rán àwọn ẹ̀yà ara níṣẹ́, ló ń bọ́ ọ. Testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin tí ẹpọ̀n ń ṣe, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní 5-alpha reductase máa ń sọ di họ́mọ̀nù míì tó ń jẹ́ DHT, DHT yìí ló ń mú kí próstéètì tóbi. Jíìnì (ìyẹn ìtọ́ni inú ara tá a jogún lọ́dọ̀ òbí) tó ń ṣe èròjà náà, SRD5A2 ni wọ́n ń pè é, bó sì ṣe rí lára èmi lè má rí bẹ́ẹ̀ lára yín.

Lọ́dún 1974, Dókítà Julianne Imperato-McGinley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní Dominican Republic tó jẹ́ pé èròjà yìí ò ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn ọmọkùnrin kan nínú wọn. Tí wọ́n bá bí àwọn ọmọ yìí, àwọn èèyàn á rò pé obìnrin ni wọ́n, ìgbà tí wọ́n bá bàlágà ni ara ọkùnrin á tó yọ. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n dàgbà dàgbà, próstéètì wọn ò tóbi rárá. Ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe oògùn ti ríran, tí wọ́n wá ṣe finasteride tó ń dí èròjà yẹn lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún próstéètì wíwú lọ́dún 1992. Oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò lónìí, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n ti rí ọgbọ́n ẹ̀.

Kì í wá ṣe jíìnì kan ṣoṣo o. Lọ́dún 2018 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Iceland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo àwọn aláìsàn tó lé ní 20,000 àtàwọn tí ò ṣe tó lé ní 280,000, wọ́n sì rí àmì 23 tó tan mọ́ ọn nínú DNA, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ṣe jíìnì. Kékeré kékeré ni irú àmì báyìí máa ń dá kún ewu, torí náà tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun fi jíìnì kan ṣoṣo sọ bóyá tiyín á wú, ẹ má dá a lóhùn. Aláwọ̀ funfun ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò o, ó sì ń dùn mí gan-an pé àwa aláwọ̀ dúdú ò sí níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Jíìnì tó ń jẹ́ kí ara gba họ́mọ̀nù yìí wọlé, orí krómósómù X ló wà (krómósómù ni okùn tín-ín-rín tí jíìnì tò sórí ẹ̀), ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin sì ti ń gba X, torí náà bàbá ìyá yín àtàwọn ẹ̀gbọ́n ìyá yín ọkùnrin, ẹ bèèrè tiwọn náà.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn jù. Próstéètì tó wú kì í di jẹjẹrẹ, ibi tí èyí ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ nínú próstéètì yàtọ̀ síbi tí tọ̀hún ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, ìwádìí 2018 yẹn náà sì rí i pé àwọn àmì tó ń fa wíwú ò fi bẹ́ẹ̀ bá ti jẹjẹrẹ pàdé. Àmọ́ 15 nínú àwọn 23 yẹn tan mọ́ iye PSA tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ (PSA ni èròjà kan tí próstéètì ń ṣe, tí wọ́n máa ń wò láti fi wá jẹjẹrẹ), ìyẹn ni pé PSA ẹnì kan lè ga torí pé ìdílé tí próstéètì wọn máa ń tóbi ló ti wá, kì í ṣe torí jẹjẹrẹ. Dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fúnra yín dájọ́. Ẹni tó bá sì ń lo finasteride, kó rí i pé òun sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò PSA fún un, torí oògùn yẹn máa ń já PSA sí bí ìdajì, jẹjẹrẹ sì lè sá pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Kí ẹni tí bàbá ẹ̀ ní i má sì wá káwọ́ lérí pé ó ti parí fún òun. Ara sísanjù àti ìtọ̀ ṣúgà náà ń dá kún un, ìyẹn ṣì wà níkàáwọ́ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ ń dìde tọ̀ lóru lemọ́lemọ́, tàbí tẹ́ ẹ ń dúró kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń kán tó tó lẹ́yìn tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti ṣe tán, ẹ lọ, ẹ má dúró dìgbà tó máa há. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn oògùn ọ̀fìnkìn tó máa ń ṣí imú, pseudoephedrine tó wà nínú òmíì lè há ìtọ̀ mọ́ ẹni tí próstéètì ẹ̀ ti ń wú.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún kọ nípa próstéètì, ẹ bá mi fi ti ìdílé sí i, kẹ́ ẹ sì bá wa sọ fún àwọn ọsibítù pé bí wọ́n ṣe ń bi ọkùnrin tó bá wá pé ṣé bàbá yín ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n fi bi í náà pé ṣé ó ṣiṣẹ́ abẹ próstéètì, ọmọ ọdún mélòó ló sì wà nígbà yẹn. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọkùnrin yín kẹ́ ẹ sọ fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan