Bíà tí kò lè rìnrìn àjò

Portland, Oregon
28 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá Dáre ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé mò ń jẹun dáadáa, kí wọ́n yé da ara wọn láàmú. Iṣẹ́ ń lọ, òtútù sì ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní kí n di agolo mẹ́rin lára bíà tí mò ń ròyìn sínú àpótí nígbà tí mo bá ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésìmesì. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní òkè òkun ti sọ mí di ahun. Ẹ̀gbọ́n mi, ahun kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ohun tí káàdì fóònù lè gbé lọ.

India Pale Ale ni orúkọ bíà náà, òun ni wọ́n gé kúrú tí wọ́n ń pè ní IPA. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ pọn ọ́n, kì í ṣe àwọn ará Íńdíà. Màá padà sórí ìyẹn.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo wọ ilé ìtajà kan, mo rí agolo IPA aláràbarà kan lórí pẹpẹ, níbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwòrán ara rẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ rà á. Mo gbé e délé, mo ṣí i, mo sì gbé e sẹ́nu bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Háà! Ó korò bí jogbo. Ìkorò yẹn nìkan kọ́, nǹkan kan tún ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu bíi páálí tí òjò pa. Mo da ìyókù sínú síǹkì. Mo ní àwọn òyìnbó yìí mà ń fowó ra ìyà.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ti ń pọn bíà fún ara rẹ̀ nínú gáréèjì láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ròyìn fún un. Kò bá mi jiyàn rárá, ó kàn bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n rọ ọ́ sínú agolo. Mo ní ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ó ní kí n yí ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí mo délé, mo tú ike ìdọ̀tí (ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa), mo yọ agolo òfìfo náà jáde, mo yí ìdí rẹ̀ síta. Bíà náà ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án! Òkú ni mo rà, tí mo sì ń bú alààyè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, bàbá yìí gbé ọ̀kan wá fún mi nínú kúlà, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ó ní kí n wá gíláàsì. Ó dá gíláàsì náà sí ẹ̀gbẹ́, ó rọra ń da bíà gba ara rẹ̀ wálẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó kún ó gbé e nàró kí ìfofó lè gbéra. Ìfofó náà funfun bí òwú, ó tó ìka méjì. Mo nawọ́, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó ní imú ló kọ́kọ́ ń mu ún, ẹnu ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo gbé imú sí i. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná bó ọsàn, tí omi inú èèpo rẹ̀ á ta síni lójú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo tún un gbóòórùn, máńgòrò tó pọ́n jù ni mo bá níbẹ̀, àti nǹkan kan bí oje igi páìnì. Mo bi bàbá pé irú èso wo ni wọ́n fún sí i. Ó ní kò sí èso kankan níbẹ̀. Omi, ọkà bálì, ìwúkàrà àti hops, òdòdó ìtàkùn kan tó ń mú bíà korò, ó parí. Nígbà tí mo wá mu ún, tí mo fi yí ẹnu ká, adùn ọkà ló kọ́kọ́ bá ahọ́n mi, ìkorò náà dúró dìgbà tí mo gbé e mì kó tó yọjú lẹ́yìn ahọ́n, ó sì fọ ẹnu mi mọ́ tónítóní. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ní kó da òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí bíà tutù débi tí eyín á fi máa ta yín, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òtútù á ti imú pa. Mo máa ń gbé tèmi jáde nínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣí i. Agolo bíà Heady Topper, tí ilé ìpọntí The Alchemist ń pọn ní Vermont, tilẹ̀ ní àkọlé pé inú agolo ni kí èèyàn ti mu ún. Ọ̀gá ni wọ́n nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún wọn níbẹ̀ yẹn. Ta ni í ti imú bọ inú agolo?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá náà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí wa. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú hops ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń wá. Ìtàkùn ni hops. Wọ́n á ri òpó gíga mọ́lẹ̀, wọ́n á na wáyà sórí rẹ̀, wọ́n á so okùn wálẹ̀, ìtàkùn náà á sì máa gun okùn lọ sókè tó bíi mítà márùn-ún. Ìkórè ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ ń ta sánsán. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Àwọ̀ ewé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí àtàǹpàkò lọ, ó sì tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Mo já ọ̀kan, mo ya á sí méjì. Ní ìdí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun kan wà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, lupulin ni wọ́n ń pè é, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níka bí àtè. Bàbá ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, kí n gbé e símú. Ọsàn ọjọ́ yẹn náà ni! Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jẹun, kò lọ.

Nínú ìyẹ̀fun yẹn ni ìkorò àti òórùn dídùn jọ ń gbé, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ jáde. Bí wọ́n bá da hops sínú ìkòkò nígbà tí omi ọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, tó sì hó fún wákàtí kan, ìkorò á jáde, òróró tó ń ta sánsán á sì bá ooru lọ. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí iná ti fẹ́ kú, òórùn á ṣẹ́ kù, ìkorò ò ní pọ̀. Àwọn kan tún máa ń da òmíràn sí i ní tútù nígbà tí ìwúkàrà bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Dry hopping ni wọ́n ń pè é, òun ló fa máńgòrò tí mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró tó wọlé wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, wẹ́rẹ́ náà ló ń jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn hops tó la ọ̀nà níhìn-ín ni Cascade, tí wọ́n gbé jáde ní Oregon yìí ní 1972, tó ń ta bí èèpo ọsàn gíréèpù. Ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco fi pọn bíà Liberty Ale ní 1975, ilé ìpọntí Sierra Nevada náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní 1980, àwọn ilé ìpọntí kéékèèké sì tẹ̀ lé wọn. Lónìí, oríṣi méjì ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onímu. Ti etí òkun ìwọ̀-oòrùn mọ́ gaara, ó korò, ó sì gbẹ lẹ́nu. Èyí tó wá láti Vermont ṣú bí oje ọsàn, ó rọ̀ lẹ́nu, hazy ni wọ́n ń pè é. Ti ìwọ̀-oòrùn ni tèmi. Hazy dùn, àmọ́ bí mo bá ti mu gíláàsì kan, ó ti sú mi.

Ti double IPA, èyí tó le ju IPA lásán lọ, ni kí ẹ má bi mí. Bíà tí agbára rẹ̀ tó ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni mo mu méjì bí ẹni mu omi, mo lọ jókòó sí ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì méjì kọjá níwájú mi, mò ń juwọ́ sí wọn bí ẹni ń kí ará ilé.

Ó yá, orúkọ Íńdíà yẹn. Láyé ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá Íńdíà ṣòwò, George Hodgson ní ilé ìpọntí ní Bow, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ Íńdíà ti ń gbéra. Àwọn kan ní òun ló dá bíà yìí sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, irú bíà bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó fi jẹ gàba lórí ọjà ni pé ó ń ta àwìn fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀, títí dé ọdún kan àti ààbọ̀! Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1820 sókè, Allsopp àti àwọn apọntí yòókù ní Burton, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọjà náà lọ́wọ́ ilé rẹ̀, torí omi Burton dára fún bíà oníhops. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọkọ̀ fi ń rìn. Á gba ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà wa níbẹ̀ lọ sísàlẹ̀, á yí Cape of Good Hope po, á la ooru kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Hops tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́, ó sì ń gbó sí i nínú àgbá lójú òkun. Ìrìn àjò ló ń sọ ọ́ di bíà gidi.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí mò ń mu níhìn-ín ò jọ ọ́. Ìkorò ni wọ́n ń wá nígbà náà, ìkorò sì lè fara da òkun. Òórùn ni a ń wá báyìí. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀, atẹ́gùn ni ọ̀tá rẹ̀, ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá ti tó oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú ọsàn yẹn á ti lọ, páálí á máa bọ̀. Ká ní mo gbé agolo mẹ́rin sínú àpótí, tó sùn ní pápákọ̀ òfuurufú nínú ooru, tó tún dúró dìgbà tí ẹ̀yin bá ráyè, ohun tí mo dà sínú síǹkì ni màá fi bọ́ yín. Ẹ ó mu ún, ẹ ó fajú ro, ẹ ó sì sọ pé mo ń fowó ra ìyà.

Bí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà, oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ wá, kí n mú yín dé Yakima, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ara yín ra hops náà wò. Ẹ kí Màámi fún mi, ẹ sọ fún Dáre pé mo ti rí bàtà tó ní kí n rà.

Mo ní ọ̀kan nínú fíríìjì tí mo ti tọ́jú dè yín kí n tó ronú jinlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yí ìdí rẹ̀ wò, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ má bínú, màá mu ún lálẹ́ òní.

Èmi ni àbúrò yín,
Kọ́lá